Omi Dá Gaara Lójú, Kí Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Òru ni omi sábà máa ń dé. Ní àwọn àdúgbò Òṣogbo tí páìpù ìjọba ṣì ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ló ń jí èèyàn. Ẹ̀rọ á húkọ́, á tu atẹ́gùn, á dákẹ́, á tún húkọ́, kó tó wá da omi pupa kan síta.

"Omi ti dé o!" Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ló ń fi igbe yìí jí àwọn ará ilé. Kí ojú tó mọ́lẹ̀ dáadáa, báfù, garawa àti kẹ́ẹ̀gì òróró tí wọ́n ti fọ̀ á ti tò lọ bẹẹrẹ nídìí ẹ̀rọ. Garawa àkọ́kọ́, ti ilé ìyàgbẹ́ ni. Èyí tó tẹ̀ lé e, ti aṣọ. Ìgbà tí omi bá dá gaara ni ìyá ilé tó ń gbé ike omi mímu síwájú. Á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á tọ́ ọ wò.

Bó bá ń rùn bí oògùn, inú rẹ̀ á dùn: "Wọ́n ti fi oògùn sí i." Bí kò bá rùn rárá, inú rẹ̀ á tún dùn: "Omi yìí mọ́."

Ojú, imú àti ahọ́n ni ìyá yìí fi ṣe láàbù, a ò sì lè bá a wí, nítorí kò sẹ́ni tó fún un ní òmíràn. Ohun mẹ́ta yìí ló bá àwọn ìyá ńlá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹrẹ̀, ewé jíjẹrà àti kòkòrò ni ọ̀tá inú omi. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní, ọ̀tá míì wà tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tí kò sì dùn tàbí korò lẹ́nu.

Láti Erinlẹ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ohun kan ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé omi odò Ọ̀ṣun tó ń kọjá nínú Igbó Ọ̀ṣun náà ni ìjọba ń fà sínú páìpù Òṣogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odò Erinlẹ̀ ni wọ́n dí nítòsí Ẹdẹ. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ omi wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ti omi lọ sí Òṣogbo, Ẹdẹ àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Erinlẹ̀ kò pàdé Ọ̀ṣun àfi ìgbà tí Ọ̀ṣun ti kọjá Òṣogbo tán. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, iléeṣẹ́ omi Ẹ̀sà-Odò ni tiwọn látijọ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ omi ńlá ti Iléṣà, èyí tí wọ́n yá owó rẹ̀ lọ́wọ́ Islamic Development Bank.

Omi odò kì í wọ páìpù bó ṣe wà. Wọ́n á kọ́kọ́ po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Álọ́ọ̀mù ló ń mú kí ẹrẹ̀ kéékèèké tó fọ́n ká inú omi lẹ̀ mọ́ra, kó wúwo, kó sì rì. Omi òkè tó bá ti dá á gba inú iyanrìn kọjá, iyanrìn á sì sẹ́ èyí tó kù. Nítorí pé álọ́ọ̀mù máa ń mú omi kan díẹ̀, wọ́n á fi láìmù tún un ṣe. Kiloríìnì ló kẹ́yìn, òun ló ń pa kòkòrò àrùn.

Ìlànà yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago. Kò sí ohun tó ṣe é. Bí a bá sì ṣe é bó ṣe yẹ, àwọn ohun tó sábà máa ń wà nínú ife omi ẹ̀rọ kan nìyí: kàlísíọ́ọ̀mù àti magnesium tí omi kó láti ara òkúta, tí ara wa náà ń lò, irin díẹ̀, àti kiloríìnì tó ṣẹ́ kù.

Kiloríìnì tó ṣẹ́ kù yìí ló ń rùn bí oògùn. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà fẹ́ kí ó wà láàárín 0.2 sí 0.25 mílígíráàmù nínú lítà omi kan nígbà tí omi bá dé ilé. Ìwọ̀n yẹn kò lè ṣe ọmọdé ní nǹkan. Òórùn rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀ṣọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀ lè bu omi sínú ike, kó dé e, kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Òórùn náà á ti dín kù.

Àwọ̀ pupa tó ń yọ lákọ̀ọ́kọ́ ńkọ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ìdógùn-ún páìpù irin àtijọ́. Irin tó bá ti ju 0.3 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ á máa tú lẹ́nu, á sì ba aṣọ funfun jẹ́. Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ ilé ìwé mọ ìyẹn ju onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ. Kì í sábà pa èèyàn lára.

Páìpù tó ṣófo

Ohun tó burú jù nínú omi ẹ̀rọ wa ni pé kì í wá lójoojúmọ́. Gbólóhùn kan wà lẹ́nu àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ omi: omi tó jáde ní iléeṣẹ́ kọ́ ló dé ilé yín.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí omi bá kún páìpù, tí ẹ̀rọ sì ń tì í, agbára inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan ìta wọlé. Bí páìpù bá jò, omi ló ń jáde. Àmọ́ bí iná bá lọ ní iléeṣẹ́ omi, tí díísù tán, tí ẹ̀rọ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, agbára yẹn ti lọ nìyẹn. Ojú ibi tí omi ti ń jò jáde náà ni ìdọ̀tí ń gbà wọlé. Ẹ lọ wo páìpù inú gọ́tà ní àwọn àdúgbò wa: páìpù rọ́bà tó ti la, tí wọ́n fi ọ̀rá àti okùn di ojú ìjò rẹ̀, inú omi gọ́tà dúdú ló sùn sí. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá tún dé, ohun tó wà nínú gọ́tà yẹn ló ń ṣáájú omi wọ ilé.

Fún ìdí yìí, ìyá tó ń da garawa àkọ́kọ́ sí ilé ìyàgbẹ́ kò ṣe àṣejù rárá. Ọgbọ́n gidi ni.

Òfin kò fi àyè kankan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kòkòrò E. coli, èyí tó ń gbé nínú ìgbẹ́ èèyàn àti ẹran, kò gbọdọ̀ sí nínú omi mímu rárá. Bí wọ́n bá yẹ 100 mílílítà wò, òdo ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí. Bó bá wà níbẹ̀, ìgbẹ́ ti kan omi náà, onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kò sì jìnnà.

Àwọn àgbà tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún á rántí ìdí tí omi ẹ̀rọ fi níyì tó bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Sòbìyà ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000. Àgbẹ̀ á dùbúlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ oko ń ké pè é, kòkòrò gígùn á máa yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan tó lé e lọ. Kànga ẹ̀rọ, oògùn tí wọ́n ń dà sí odò, àti aṣọ lásán tí àwọn ìyá fi ń sẹ́ omi ló ṣe é. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwé ẹ̀rí hàn pé sòbìyà ti tán ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ó sì fi ẹ̀kọ́ kan sí wa lọ́kàn tí kò tó mọ́: pé ohun tí aṣọ bá ti sẹ́, tí iná bá ti sè, ó ti mọ́.

Kànga ẹ̀yìnkùlé

Nígbà tí ẹ̀rọ ìjọba kò dé mọ́, kálukú di ìjọba ara rẹ̀. Ẹni tó lówó gbẹ́ bọhó, ẹni tí kò ní gbẹ́ kànga, ẹni tí kò ní ilẹ̀ ń ra kẹ́ẹ̀gì. Omi inú ilẹ̀ mọ́ lójú ju ti odò lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì dára. Àmọ́ ẹ fojú inú wo ìṣirò yìí.

Àwọn onímọ̀ ìlera a máa gbà wá nímọ̀ràn pé kí kànga jìnnà sí ṣalángá tó bí ọgbọ̀n mítà. Pílọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa jẹ́ 50 lọ́nà 100 ẹsẹ̀ bàtà. Ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, ọgbọ̀n mítà lásán ni! Bí o bá gbẹ́ kànga sí igun kan, tí o gbẹ́ ṣalángá sí igun kejì pátápátá, agbára káká lo fi rí ọgbọ̀n mítà náà. Ṣalángá aládùúgbò sì wà lẹ́yìn ògiri rẹ. Ohun tó ń tibẹ̀ jò wọ kànga ni kòkòrò àti nitrate. Ti nitrate kò gbọdọ̀ ju 50 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ, pàápàá nínú omi tí wọ́n ń fi po oúnjẹ ọmọ ọwọ́, nítorí ó lè dènà atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Piọ́ wọ́tà? NAFDAC ló ń bójú tó o, nọ́ńbà sì gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀rá. Ọ̀rá tí kò bá ní nọ́ńbà, ẹ má mu ún. Èyí tó bá sì ti wà nínú oòrùn ìta ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fi fọwọ́.

Wúrà Ìjẹ̀ṣà, omi Ọ̀ṣun

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibí gan-an nìyí.

Láti Ìgèdè-Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, àwọn odò kéékèèké ibẹ̀ sì ń dà sínú rẹ̀, kó tó dé Òṣogbo. Ilẹ̀ àwọn ọmọ Ọbòkun yìí ní wúrà nínú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wa á ní àwọn ibi bí Ìtagunmódì àti Ìgún. Ní ọdún 2021, iléeṣẹ́ Segilola bẹ̀rẹ̀ sí í mú wúrà jáde ní Ìlà Oòrùn Àtàkúnmọ́sà, iléeṣẹ́ ńlá tó gbàṣẹ ni ìyẹn. Àmọ́ káàkiri etí odò, àwọn tí kò gbàṣẹ pọ̀ ju èyí tó gbàṣẹ lọ. Ọmọ ìlú wà lára wọn, ará òkè ọya wà lára wọn, ará ilẹ̀ òkèèrè sì wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le láti ṣàlàyé. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ etí odò títí wọ́n á fi kan iyanrìn tí wúrà wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fa omi odò sókè, wọ́n á fi fọ iyanrìn náà, ẹrẹ̀ rẹ̀ á padà sínú odò. Àwọn kan á wá da mẹ́kúrì sí ohun tó kù. Mẹ́kúrì jẹ́ irin tó ń ṣàn bí omi. Bó bá kan wúrà, á gbé e mọ́ra. Wọ́n á yan án lórí iná, mẹ́kúrì á gbéra lọ sójú ọ̀run, á ku wúrà. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, òjò á gbé e lọ sódò.

Bí odò Ọ̀ṣun ṣe wá pọ́n nìyẹn. Ẹni tó bá ti dúró lórí afárá inú Igbó Ọ̀ṣun láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ti fi ojú ara rẹ̀ rí i: omi tó ti di ẹrẹ̀ gbuurugbu, nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, nígbà tí kò sí òjò tó lè dà á rú. Igbó yìí kan náà ni UNESCO kọ sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005.

Ẹgbẹ́ aráàlú kan ní Òṣogbo, Urban Alert, gbé omi odò náà lọ sí láàbù. Wọ́n kéde pé àwọn irin olóró, òjé àti mẹ́kúrì lára wọn, wà nínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun 2022 ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Àwọn olùjọsìn wá bí wọ́n ti ń wá, wọ́n pọn omi sí kẹ́ẹ̀gì bí wọ́n ti ń pọn. "Omi ìyá mi ni, kò lè pa mí." Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, mi ò sì ní fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀ṣun tí wọ́n ń pè ní ìyá kọ́ ló da mẹ́kúrì sódò.

Gíráàmù kan nínú táńkà mẹ́wàá

Báwo ni irin tí kò hàn sójú ṣe lè pọ̀ jù? Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Òfin Nàìjíríà gba 0.01 mílígíráàmù òjé nínú lítà omi mímu kan, kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú gíráàmù kan òjé, tí kò wúwo ju hóró ẹ̀pà méjì lọ. Ẹ pín in sínú táńkà mẹ́wàá tó ń gba 10,000 lítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi inú táńkà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti dé ẹnu ààlà òfin báyìí. Ti mẹ́kúrì tún le jù bẹ́ẹ̀, 0.001 ni tirẹ̀. Gíráàmù kan tó fún ọgọ́rùn-ún táńkà.

Òjé kì í pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bá jà: ọmọ á lọ́ra láti kẹ́kọ̀ọ́, ara rẹ̀ á máa gbóná sódì, òbí á ní olórí kunkun ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a lè pè ní èyí tí kò léwu. Mẹ́kúrì ní tirẹ̀ ń wọ inú ẹja, ẹja ń wọ inú èèyàn. Ní Minamata, ní ilẹ̀ Jàpáànì, ọdún 1956 ni àwọn dókítà kéde àrùn kan tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó sì ń ba ojú àti etí jẹ́. Mẹ́kúrì tí iléeṣẹ́ kan ń dà sí òkun ló fà á.

A kò tiẹ̀ ní láti lọ sí Jàpáànì. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú nítorí òjé. Òkúta wúrà ibẹ̀ ní òjé púpọ̀ nínú, inú ọgbà ilé ni wọ́n sì ti ń lọ̀ ọ́. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lórí rẹ̀, ó wọ kànga. Òkúta Ìjẹ̀ṣà kì í ṣe òkúta Zamfara, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká máa méfò: láàbù ló yẹ kó sọ̀rọ̀.

Aṣọ tó lé sòbìyà lọ kò lè sẹ́ òjé. Iná kò lè pa á. Bí o bá se omi tí òjé wà nínú rẹ̀, omi ni yóò fẹ́ lọ, òjé á jókòó. Omi ìkòkò rẹ á wá ní òjé nínú ju bó ṣe ní in tẹ́lẹ̀ lọ. Álọ́ọ̀mù lè kó díẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, àmọ́ èyí tó ti yọ́ mọ́ omi ń kọjá lọ.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo nìkan nìyí. Odò Ọ̀ṣun kan náà ni wọ́n dí ní Àṣejírè, níbi tí Ìbàdàn ti ń gba púpọ̀ nínú omi ẹ̀rọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí. Ẹrẹ̀ tí ọkọ́ gbé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lè di ìṣòro ẹni tó ń ṣí ẹ̀rọ ní Ìbàdàn.

Bí a bá bi ìjọba ìpínlẹ̀ léèrè, wọ́n á ní Àbújá ló ni kùsà. Wọn kò purọ́. Abẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ ni òfin kùsà ọdún 2007 fi í sí, Àbújá ló ń fún èèyàn níwèé. Àmọ́ omi tó bàjẹ́ kì í lọ sí Àbújá. Bí a bá sì bi ọ̀dọ́ tó ń wa kùsà, á ní: "Ẹ fún mi níṣẹ́, màá jáde nínú kòtò." Òun náà kò purọ́.

Ìwé àyẹ̀wò dà?

Ní ọdún 2014, ìlú Flint ní Amẹ́ríkà yí omi ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí odò mìíràn kí owó lè dín kù. Wọn kò fi oògùn tó ń dáàbò bo páìpù sí i, omi náà sì ń jẹ páìpù òjé, òjé ń wọ ilé. Aráàlú pariwo, àwọn aláṣẹ ní omi dára. Èsì àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ yunifásítì àti dókítà ọmọdé kan gbé síta ní ọdún 2015 ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ohun tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ní nìyẹn, èmi kò sì rí ohun tó le nínú rẹ̀. Yunifásítì wà ní Òṣogbo, òmíràn wà ní Iléṣà, Ifẹ̀ kò jìnnà. Kí wọ́n máa bu omi lóṣooṣù ní ẹnu ẹ̀rọ Òṣogbo àti Iléṣà, ní odò Ọ̀ṣun lókè àti nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà, ní kànga àwọn abúlé tó wà létí kòtò wúrà. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n bá rí sórí pátákó ní ọjà àti ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n kà á lórí rédíò lédè Yorùbá. Owó tí wọ́n máa ná kò lè ju owó tí wọ́n ń ná lórí pátákó ìpolówó olóṣèlú lọ.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ ṣàn dànù. Ẹ se omi tí ẹ ó mu títí yóò fi hó yaya, ìyẹn fún kòkòrò. Ẹ fi ìdérí bo ike omi mímu, ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹni tó wà létí ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà, kó má fún ọmọdé ní omi odò tàbí ti kànga ibẹ̀ mu, bó ti wù kó dá tó. Omi òjò tí a gbè lórí páànù tó mọ́ sàn jù ú lọ.

Bí olóṣèlú bá sì wá tọrọ ìbò ní àdúgbò yín, ẹ ní kó mú ìwé àyẹ̀wò omi yín dání. Ìwọ̀n òjé tí òfin gbà ni 0.01. Ẹ bi í pé mélòó ni ti ẹ̀rọ yín.